Ṣé O Ṣì Wà Níbẹ̀?

Inú mọ́tò Bàbá onílé wa ni mo jókòó sí ṣe intafíù orí fóònù àkọ́kọ́ láyé mi. Camry àtijọ́ kan ni, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kọṣẹ́ tipẹ́, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá ibi tó pa rọ́rọ́ nínú ilé náà. Fèrèsé yàrá mi kọjú sí ṣọ́ọ̀bù ìyá tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata. Àwọn ọmọdé ló ni ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀yìn ilé sì súnmọ́ mọ́ṣáláṣí, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ibẹ̀ kì í ṣe ti eré. Àmọ́ bí èèyàn bá wọ inú Camry yẹn tó yí gíláàsì rẹ̀ sókè tán, ayé á dákẹ́ lọ gbári. Ooru nìkan ni yóò kù.

Mo lọ tọrọ kọ́kọ́rọ́. Bàbá ní kí ni mo fẹ́ fi mọ́tò tí kò lè rìn ṣe. Mo ní, "Wọ́n fẹ́ pè mí láti Lọ́ńdọ̀nù ni, sà. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni." Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Inú mọ́tò mi ni Lọ́ńdọ̀nù wà?" Ṣùgbọ́n wọ́n fún mi.

Oṣù kọkànlá ni. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n kọ sínú íméèlì, aago mẹ́ta tiwọn. Láti oṣù kẹrin ni mo ti ń bá ọ̀rẹ́ kan tó wà lọ́hùn-ún ṣe iṣẹ́ wẹ́wẹ́, aago rẹ̀ àti tèmi sì máa ń dọ́gba. N kò mọ̀ pé bí oṣù kẹwàá bá ti ń parí lọ, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù á fa aago tiwọn sẹ́yìn ní wákàtí kan. Tiwa ní Nàìjíríà kì í yí láti ọdún dé ọdún. Bí mo ṣe jókòó sínú ooru láti aago mẹ́ta dé aago mẹ́rin nìyẹn, tí mo ń wo fóònù bí ẹni ń wo ojú ìyàwó tuntun. Iná ti lọ láti àárọ̀. Mo na wáyà láti ìdí jẹnẹrétọ̀ kékeré wa, I-better-pass-my-neighbour, wọ inú mọ́tò, bátìrì láptọ́ọ̀pù mi ti di ìṣẹ́jú márùn-ún péré nígbà náà. Bẹntiróòlù tó yẹ kí ó gbé mi dé òpin intafíù ni mo fi dúró de ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ Òṣogbo lè máà mọ ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ìlú wa yìí ni National Control Centre wà, ibi tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà. Ọ̀dọ̀ wa ni wáyà ńláńlá 330 kV tó ń bọ̀ láti Jẹ́bà ń gbà. Tọ̀sán-tòru ni àwọn tó wà níbẹ̀ ń ṣọ́ iná orílẹ̀-èdè, bí ìyá ṣe ń ṣọ́ ìkòkò ẹ̀kọ, kí ó má ru kọjá 50 Hz, kí ó má sì rẹlẹ̀ jù ú lọ. Èmi kò bá wọn jà o. Iṣẹ́ ẹni tó ń darí iná ọ̀tọ̀, iṣẹ́ ẹni tó ń pín in dé ojúlé ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti jókòó sínú Camry lọ́jọ́ náà, tí òógùn ń ṣàn sójú mi, mo rántí pé àgọ́ ọba iná kò jìnnà sí mi, mo sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Fóònù dún.

Ọkùnrin kan ni, ohùn rẹ̀ tutù. Ó sọ orúkọ rẹ̀, ó ní kí n máa pe òun bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ó dáa, sà." Ó ní kí n má pe òun ní sà. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Nínú gbogbo ohun tí ó bi mí lọ́jọ́ náà, ìyẹn ló le jù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ pe orúkọ àbísọ ẹni tí n kò rí rí, tí n kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀, tí iṣẹ́ oòjọ́ mi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀? Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ" àti "o". Lọ́kàn mi, "o" ni mo ń gbọ́ nígbàkúùgbà tí ó bá bá mi sọ̀rọ̀, "ẹ" ni mo sì fi ń dá a lóhùn. Àwa méjèèjì kò sí nínú ìjíròrò kan náà.

Ó ní kí n ṣí ojú ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ohun tí mo bá tẹ̀ ti máa hàn sí òun náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì ṣe é rí kò lè mọ bí ó ti rí. Kì í ṣe kóòdù tí o kọ nìkan ni ẹni yẹn ń rí. Ó ń rí èyí tí o pa rẹ́, ó ń rí ibi tí ọwọ́ rẹ ti gbọ̀n, ó ń rí bí kọ́sọ̀ ṣe dúró lójú kan tó ń ṣẹ́jú. Ìwọ kò rí nǹkan kan lára tirẹ̀. Mímí rẹ̀ nìkan ni ò ń gbọ́.

Ìbéèrè náà kò ní ohun ìjìnlẹ̀ kankan nínú. Wọ́n to nọ́ńbà sílẹ̀ fún ọ, wọ́n sì fún ọ ní àpapọ̀ kan. Wá nọ́ńbà méjì tí a bá rò pọ̀ tí yóò fún wa ní àpapọ̀ náà. Mo kọ èyí tí gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ kọ: mú nọ́ńbà kìn-ín-ní, rò ó mọ́ gbogbo ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan, mú èkejì, ṣe bákan náà. Ó ṣiṣẹ́. Ọkùnrin náà ní, ó dáa, bí nọ́ńbà bá jẹ́ 1,000, ẹ̀ẹ̀melòó ni kọ̀ǹpútà máa rò ó? Mo ṣírò rẹ̀: 499,500. Ó ní, ṣé kò sí ọ̀nà tó yá ju ìyẹn lọ?

Mo dákẹ́ kí n lè rò ó.

Ó tó ìṣẹ́jú kan, bóyá ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan kan ti ń yọ sí mi, bí ìgbà tí èèyàn bá rí ẹni tó mọ̀ lókèèrè tí kò tíì dá ojú rẹ̀ mọ̀. Ni ohùn náà bá dé: "Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?" Mo ní mo wà níbẹ̀, sà. Ohun tó ń yọ sí mi náà padà sẹ́yìn. Mo tún dákẹ́. Ó tún bi mí, ṣé mo ṣì wà níbẹ̀. Ìgbà kẹta tí ó fi máa bi mí, jẹnẹrétọ̀ ti kú, láptọ́ọ̀pù ti kú tẹ̀lé e, èmi àti òkùnkùn ojú ewé náà la wà níbẹ̀. Ó ṣeun, ó ní kò burú, kí n fi ẹnu sọ ohun tí mo ń rò fún òun. Kí n fi ẹnu sọ ohun tí mi ò tíì rò tán! Mo ṣí ẹnu, kò sí ohun tó jáde.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kọ̀wé sí mi pé àwọn dúpẹ́. Ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ fi gbólóhùn kan kún un, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe: ó ní òun kò rí ọ̀nà tí ìrònú mi ń gbà.

Mo ti ro gbólóhùn yẹn fún ọdún púpọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ mi kí n jẹ́ kí àlejò rí ọ̀nà tí ìrònú mi ń gbà? Nílé wa, ọmọ tó bá dáhùn kí àgbà tó béèrè tán, aláṣejù ni. Ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nítorí náà, di ẹyin rẹ mú títí ìwọ yóò fi rí ibi tó rọ̀ gbé e lé. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. A dé ilé ẹ̀kọ́, ohun kan náà ni wọ́n tún fi kí wa káàbọ̀. Bí olùkọ́ bá ti jáde, kílàásì kápútẹ́ẹ̀nì á mú ṣọ́ọ̀kì, á máa kọ orúkọ àwọn aláriwo sí ojú pátákó. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni òfin àkọ́kọ́. Ìbéèrè àtẹ̀yìnwá la fi kọ́ ayé: A, B, C, D, ṣe dúdú sínú ihò kékeré, kọjá. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde ní 2013, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí wọ́n pín fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ló kún inú rẹ̀. Ohun dáadáa ni, àbúrò mi kan fi tirẹ̀ kàwé dójú àmì. Ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan, nínú ọpọ́n tàbí lẹ́yìn ọpọ́n, tí wọ́n ti ní kí á ronú sókè, kí á ṣìṣe lójú èèyàn, kí á ní "ẹ dúró ná, mo ti ṣìnà," kí á sì padà.

Àwọn tó mọ̀ nípa intafíù yìí kò fi pamọ́ pé ohun tí wọ́n ń fẹ́ nìyẹn. Ìwé tí gbogbo wa kà ni ti Gayle Laakmann McDowell, *Cracking the Coding Interview*, tó kọ́kọ́ jáde ní 2008. Ẹ̀dà rẹ̀ tó wà lórí fóònù wa ti ti ọwọ́ dé ọwọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ rà á; kí Ọlọ́run dárí jì wá. Mo ka ibi tí ó ti ní kí èèyàn máa sọ̀rọ̀ bí ó ti ń ronú. Mo kà á gan-an, mo tún fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkà ni mo kà á.

Ó kéré tán, èmi jókòó sínú mọ́tò, kò sí ẹni tó lè dá mi padà sí ibi tí mo ti wá. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 2017, Celestine Omin, dẹfẹ́lọ́pà ọmọ Nàìjíríà tó ń bá Andela ṣiṣẹ́, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2014, balẹ̀ sí pápákọ̀ òfuurufú JFK ní New York. Ó ti ń rìnrìn àjò láti bíi wákàtí 24. Ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀ ló fẹ́ lọ bá ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, físà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù tó ṣáájú ni ìjọba Trump ṣẹ̀ṣẹ̀ fòfin de àwọn ará orílẹ̀-èdè kan; Nàìjíríà kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti wà nílẹ̀. Òṣìṣẹ́ ẹnubodè mú un wọ yàrá kan, ó fún un ní bébà àti gègé, ó ní bí ó bá jẹ́ dẹfẹ́lọ́pà lóòótọ́, kí ó dáhùn ìbéèrè méjì: kí ó kọ function tí yóò yẹ binary search tree wò bóyá ó dọ́gba, kí ó sì ṣàlàyé ohun tí abstract class jẹ́ àti ìdí tí a fi nílò rẹ̀. Omin kọ ìdáhùn. Wọ́n ní kò tọ̀nà. Ó sọ fún àwọn oníròyìn lẹ́yìn náà pé lójú òun, ó dà bíi pé ẹni tó kọ ìbéèrè náà kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà, orí Google ló ti lọ wá a. Nígbà tó yá, wọ́n tẹ ibi kan láago, wọ́n ní kí ó máa lọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ka ìròyìn yẹn, wọ́n bínú, wọ́n ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni. Èmi náà bínú. Ṣùgbọ́n ohun tó dá mi dúró ni bébà yẹn. Ẹni tí kò sùn, tí ẹ̀rù ń bà, tí ẹni tó ń bi í léèrè kò sì lè mọ ìdáhùn tó tọ̀nà bí ó bá rí i! Mo bi ara mi pé: nínú àwọn intafíù tí wọ́n ti ṣe fún mi, mélòó ló fi gbogbo ara yàtọ̀ sí ìyẹn?

Ohun tí mo mọ̀ ni pé èmi náà ti dé JFK tèmi, ojú ọ̀nà Iléṣà ló wà. Bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ láti Òṣogbo kò tíì rin ìdajì ọ̀nà tí àwọn kan tó wọ aṣọ ìjọba fi dá wa dúró. Láptọ́ọ̀pù mi ni wọ́n rí. Ọ̀gá wọn ní kí n sọ̀kalẹ̀.

"Kí ni iṣẹ́ ẹ?"

"Mò ń kọ kóòdù, sà."

"Kóòdù wo? Ti Yahoo?"

"Rárá, sà. Dẹfẹ́lọ́pà ni mí."

"Ṣí i. Kọ nǹkan kan tó máa ṣiṣẹ́, kí n fojú ara mi rí i."

Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì ni mo gbé láptọ́ọ̀pù lé. Mo wo orúkọ tó wà láyà aṣọ rẹ̀, mo kọ ìlà méjì péré, mo tẹ bọ́tìnnì, orúkọ rẹ̀ sì tò wálẹ̀ lójú ẹ̀rọ ní ìgbà 20. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó pe ẹnìkejì rẹ̀ kí ó wá wò ó. Ó wá bi mí bóyá mo lè kọ èyí tó máa gbé owó wọlé, gbogbo èrò inú bọ́ọ̀sì sì bú sẹ́rìn-ín. Intafíù kan ṣoṣo tí mo yege nínú rẹ̀ lọ́dún yẹn nìyẹn, kò sì sí ẹni tó bi mí bóyá ọ̀nà tó yá jù wà.

Iléṣà ni mo ń lọ lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ̀ Màmá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi. Ilé wọn kò jìnnà sí Ẹrẹ́jà. Òwò aṣọ ni Bàbá àgbà ṣe, òṣómàáló ni wọ́n. Ìjẹ̀ṣà tòótọ́ mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn ọkùnrin tó ru ìgàn aṣọ kúrò ní Iléṣà lọ sí Èkìtì, lọ sí Ìgbómìnà, wọ ilẹ̀ Hausa, tí wọ́n ń ta àwìn fún ará oko, tí wọ́n sì ń padà lọ gba owó díẹ̀díẹ̀. Òṣó ni màá ló, ni wọ́n máa ń wí fún ajigbèsè. Bí o kò bá san, iwájú ilé rẹ ni màá lóṣòó sí títí owó mi yóò fi pé. J. D. Y. Peel, òyìnbó tó kọ ìwé ńlá lórí Iléṣà ní 1983, ya ojú ewé púpọ̀ sọ́tọ̀ fún òwò ìjìnnà tí àwọn bàbá wa ṣe yìí.

Màmá bi mí pé báwo ni iṣẹ́ tí mo ń wá. Mo ní mo já. Wọ́n ní kí ni wọ́n bi mí. Mo fẹ́ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn, nítorí báwo lèèyàn ṣe ń ṣàlàyé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ìyá tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún? Wọ́n kò gbà. Mo bá sọ ọ́: nọ́ńbà púpọ̀ ló wà nílẹ̀, Màmá, wọ́n ní kí n wá méjì tí àpapọ̀ wọn máa jẹ́ iye báyìí.

Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí lọ. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní, "Bàbá yín máa ń ṣe ìyẹn."

Mo rò pé wọn kò gbọ́ mi yé. Wọ́n ní gbígbọ́ ni àwọn gbọ́. Ní oko, wọ́n ní, ìgàn aṣọ kan máa ń wọ́n ju ohun tí obìnrin kan lè dá rà lọ. Méjì á pawọ́ pọ̀. Ká ní ṣílè mẹ́wàá ni aṣọ. Obìnrin kan dé, ó ní ṣílè mẹ́rin lòun ní. Bàbá kò ní máa lọ láti ilé dé ilé béèrè iye tí oníkálùkù ní lọ́wọ́. Yóò bi ara rẹ̀ pé, kí ló kù? Mẹ́fà ló kù. Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Yóò ṣí ojú ewé ṣílè mẹ́fà: ṣé ẹnì kan ti wá tó ní ṣílè mẹ́fà? Bí orúkọ bá wà níbẹ̀, aṣọ ti tà nìyẹn, ẹ lọ pín in. Bí kò bá sí, yóò kọ obìnrin yìí sí ojú ewé ṣílè mẹ́rin, yóò sì dúró de ẹni tó ń bọ̀.

Ẹ̀gúsí tí mo ń bá wọn bó jábọ́ lọ́wọ́ mi. Ìdáhùn náà gan-an nìyẹn. Ohun tó ń yọ sí mi nínú Camry, tí n kò lè dá ojú rẹ̀ mọ̀, nìyẹn: mú nọ́ńbà kan, béèrè èyí tó kù, wò ó bóyá o ti pàdé rẹ̀ rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wàá kọjá lórí 1,000 náà. Àwa ń pe ìwé Bàbá ní hash table.

N kò sọ pé Bàbá àgbà mọ kọ̀ǹpútà. Mo kórìíra irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, bí àwọn kan ṣe máa ń wí pé gbogbo ohun tí òyìnbó ṣe ti wà nínú Ifá tipẹ́, tí wọn kò sì ní tẹ kóòdù kan ṣoṣo. Ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kí Màmá ti bu iyọ̀ díẹ̀ sí ìtàn náà. Ohun tó dùn mí ni pé mo mọ ìbéèrè yẹn, "kí ló kù?" Èdè tí mo fi mọ̀ ọ́n ni kì í ṣe èyí tí wọ́n fi bi mí. Nínú Camry, mo ń wá ìdáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí n kò ti jẹ gbèsè rí.

Mo bi Màmá bóyá Bàbá máa ń pariwo bí wọ́n bá lọ gba owó. Wọ́n ní rárá. Àwọn mìíràn ló máa ń pariwo. Bàbá kàn máa ń lóṣòó ni, wọn a máa wo ilẹ̀, wọn kò ní sọ̀rọ̀. "Kò sí ajigbèsè tó lè fara da ìyẹn dọ́sàn-án."

Nígbà tí mo padà sí Òṣogbo, èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan kan ní ọjọ́ Sátidé. Yàrá kan ní Òkè-Fìà la ti ń ṣe é. Ọ̀kan nínú wa á wọ ilé ìdáná, á ti ilẹ̀kùn, á sì pe ẹnìkejì lórí fóònù nínú yàrá, kí ojú má baà rí ojú. Ẹni tó wà ní ilé ìdáná á béèrè ìbéèrè. Ẹni tó wà nínú yàrá kò gbọdọ̀ dákẹ́ kọjá ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Bí kò bá ní ohun tó fẹ́ sọ, kí ó sọ pé òun kò ní ohun tí òun fẹ́ sọ. Ó le bí ìgbà tí wọ́n ní kí èèyàn bọ́ra ní gbangba. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni FizzBuzz, èyí tí Imran Ghory gbé jáde ní 2007 láti inú eré tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ka 1 dé 100, bí ó bá ṣeé fi 3 pín, sọ Fizz, bí ó bá ṣeé fi 5 pín, sọ Buzz, bí ó bá ṣeé fi méjèèjì pín, sọ méjèèjì pọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan máa ń kà á ní Yorùbá lábẹ́ ahọ́n. Ó ní ó yá fún òun bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí kò ní yá? Márùndínláàádọ́ta: mú ogún mẹ́ta, yọ mẹ́wàá, tún yọ márùn-ún. Kí ọmọ Yorùbá tó ka nọ́ńbà yẹn tán, ó ti ṣe ìṣírò mẹ́ta.

Ìyá onílé gbọ́ ohùn mi lálẹ́ ọjọ́ kan tí èmi nìkan ń dá a ṣe. Wọ́n kan ilẹ̀kùn, wọ́n ní ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní èmi àti ara mi ni. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé omi àdúrà kékeré kan wá fún mi, wọ́n ní kí n fi bọ́jú láàárọ̀. Mo fi bọ́jú.

Intafíù kẹfà ni mo tó wọlé. N kò mọ̀ bóyá mo ti gbọ́n ju ti inú Camry lọ. Mo kàn ti di aláriwo ni. Ó sì máa ń rí bákan lára mi bí mo bá rántí àwọn ògbóǹtarìgì tó ti já irú ìdánwò yìí. Max Howell, ẹni tó kọ Homebrew, sọ ní 2015 pé Google kò gba òun nítorí pé òun kò lè dorí binary tree kodò lójú pátákó, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú òṣìṣẹ́ wọn ń lo ohun tí òun ṣe. David Heinemeier Hansson, tó dá Ruby on Rails sílẹ̀, jẹ́wọ́ ní gbangba ní 2017 pé òun kò lè kọ bubble sort sójú pátákó. Ó rọrùn fún wọn láti wí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ wọn ti wà níta tó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó jókòó sí Òkè-Baálẹ̀, ohùn rẹ̀ nìkan ló rán lọ.

Ní báyìí, èmi ni mo ń béèrè. Láti Òṣogbo níbí ni mo ti ń ṣe é, fún ilé iṣẹ́ kan tí n kò tíì dé ọ́fíìsì wọn rí. Mo sì rí i pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ti tún gba orúkọ mìíràn. Láyé tèmi, bí o bá dákẹ́, òpè ni ọ́. Ní báyìí tí ẹ̀rọ ti lè dáhùn gbogbo ìbéèrè wa nínú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, bí ẹni tí à ń bi bá dákẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó jọ pé ó ń ka nǹkan. Bí ó bá sì sọ̀rọ̀ geerege láìdúró, wọ́n á ní ó jọ pé ó ń ka nǹkan. N kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ ṣe. Wọ́n ní kí n máa tẹ́tí sí ìró kíbọ́ọ̀dù.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan ni wọ́n fún mi. Orílé-iṣẹ́ kò jẹ́ kí á mọ ìlú tí wọ́n ti ń pè, ṣùgbọ́n mo gbọ́ òjò lórí páànù, mo sì gbọ́ ẹni tó ń kígbe lẹ́yìn rẹ̀ pé kí wọ́n kó aṣọ wọlé. Ó ní "sà" fún mi ní ìgbà mẹ́rin kí a tó bẹ̀rẹ̀. Mo bi í ní ìbéèrè tèmi. Ó kọ èyí tí gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ kọ. Mo ní, ṣé kò sí ọ̀nà tó yá ju ìyẹn lọ?

Ó dákẹ́.

Kọ́sọ̀ dúró sójú kan, ó ń ṣẹ́jú. Mo wo aago: ìṣẹ́jú àáyá ogún, ọgbọ̀n, àádọ́ta. Ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu mi, gbólóhùn tí mo mọ̀ jù láyé. Mo ronú kan Bàbá àgbà tó lóṣòó síwájú ilé onílé, tí wọ́n ń wo ilẹ̀, mo sì mọ̀ pé bí èmi náà bá dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tèmi kò lè jọ tiwọn láé. Owó ló wà lọ́wọ́ tèmi. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo lé ohun tó ń yọ sí i padà. Bí n kò bá sọ̀rọ̀, mo lóṣòó síwájú ilé rẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà," ó ní. "Mò ń rò ó ni."

Mo ní, "Rò ó. Mo wà níbí."

Ó tún dákẹ́. Lábẹ́ ìró òjò, mo wá gbọ́ nǹkan kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ ohùn, ẹni tí kò mọ̀ pé máìkì òun ṣí sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀: ẹ̀rìndínlógún, ẹ̀tàdínlógún, ó ku mẹ́ta… Iná ti lọ lọ́dọ̀ mi nígbà náà, jẹnẹrétọ̀ mi sì ń ké lẹ́yìn fèrèsé. Mo na ọwọ́, mo pa máìkì tèmi, kí ariwo rẹ̀ má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.